Ẹ Ka Èyí Tó Dùn Náà

 

Ẹni tó bá ń jókòó sídìí ọpọ́n bíi tèmi á mọ̀ pé ẹkún làwọn èèyàn ń gbé wá jù lásìkò yìí. Ẹni tó wá béèrè ọ̀rọ̀ iṣẹ́ á ka ti owó ilé, á ka ti ọmọ, á ka ti ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Tí mo bá wá ní, "Ó dáa, kí ló dùn mọ́ ẹ nínú lọ́sẹ̀ yìí?" ṣe ló máa wò mí bíi pé mo bú u. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ti àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Ṣáínà kan fún yín.

Bàbá kan wà nílùú Suzhou tó ń jẹ́ Jin Shengtan. Ọdún 1608 ni wọ́n bí i. Òjò ká òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́lé fún ọjọ́ 10, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó ń múnú èèyàn dùn láyé. Nígbà tó yá, ó kọ 33 sílẹ̀ nínú wọn. Kì í ṣe oyè, kì í ṣe ilé ńlá o. Ó ka kéèyàn ṣí fèrèsé kí agbọ́n tó há sínú yàrá ráyè jáde. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti gbèsè: kéèyàn tú àpótí, kó rí ìwé àwọn tó jẹ ẹ́ lówó, òkú nínú wọn, alààyè nínú wọn, kó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa san án, kó wá dáná sun gbogbo rẹ̀, kó máa wo èéfín bó ṣe ń lọ sókè. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ sun tiyín o. Ìwé tèmi ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀."

Li Yu ní tiẹ̀, akàn ló fẹ́ràn. Kí àsìkò akàn tó dé lọ́dọọdún ló ti ń tọ́jú owó rẹ̀ sọ́tọ̀. Àwọn ará ilé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà sì sọ owó náà ní owó ìràpadà ẹ̀mí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1671, ojú ò tì í.

Lin Yutang ló tú 33 ti Jin sí èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1937. Òun náà ló yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dúró fún àwàdà, tó sọ ọ́ di "youmo" lédè Ṣáínà lọ́dún 1924. Àwa ò yá tiwa lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: a ní ẹ̀fẹ̀, a ní àwàdà, a ní yẹ̀yẹ́. Kí ló wá dé tí ilé wa dákẹ́?

Ẹnì kan á ní ara ló dẹ àwọn yẹn. Rárá o. Ọdún 1644 ni ìjọba Ming tí wọ́n bí Jin sí dojú dé, ogun sì gba ilẹ̀ kan. Nígbà tí ìjòyè kan ń ni ará ìlú lára nítorí owó orí, tó tún ń ta ọkà ìjọba, Jin wà lára àwọn tó fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí lọ́dún 1661. Ẹni tó mọ adùn agbọ́n tó fò jáde náà ni kò dijú sí ìyà ọmọnìkejì. Kéèyàn mọ ohun tó dùn, kì í ṣe pé kò mọ ohun tó korò.

Nítorí náà, lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ tó ka ohun tẹ́ ẹ̀ ń tọrọ, kí kálukú nínú ilé ka ohun kan tó dùn mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó kéré jù kọ́kọ́ sọ. Tèmi rèé: kí n da obì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó yàn. Kí iná dé bí mo ṣe ń wá abẹ̀bẹ̀. Kí fóònù dún, kó má jẹ́ ẹni tó fẹ́ yá owó.

Ẹ fi tiyín ránṣẹ́ kí ìwé wa tó ń bọ̀ tó jáde. Ẹbọ á fín o.