Ẹ Wá Ìdí Ìṣòro Kí Ẹ Tó Gba Àtúnṣe

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti mọ ìwé kà. Ẹ ń ka lẹ́tà ọmọ yín fúnra yín, ẹ sì ń ka iye kílò tí wọ́n kọ nígbà tí wọ́n wọn òwú yín. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ìwé kan wà tó ń sọ ìṣòro fún wa, tó sì ń sọ ohun tí a ó ṣe sí i. Ìwé ìlera ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé àgbẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé àwọn tó ń ta oògùn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ara wa àti owó wa ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí a mọ bí a ṣe ń tú wọn wò.

Irú ìwé yìí, bó bá dára, á sọ ìṣòro, á sọ ohun tó fà á, lẹ́yìn náà ni yóò tó sọ àtúnṣe. Ohun tó fà á yìí ni kí ẹ máa wá.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ sobìà. Àwọn ọmọdé kò mọ̀ ọ́n mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbà kò gbàgbé. Kòkòrò náà lè gùn tó mítà kan. Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń yọ láti inú ẹsẹ̀, tí wọ́n á máa fi igi kékeré ká a fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹsẹ̀ á wú, á máa ta ènìyàn bí iná. Iṣu á wà lóko, kò ní sí ẹni tí yóò wà á. Ìṣòro nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí gbogbo ayé ló rí i.

Kí ló fà á? Àwọn kan ní inú iṣan ènìyàn ló ti ń wá, pé àbímọ́ ni. Àwọn mìíràn ní ọ̀tá ló rán an. Ẹni tó gbà pé àbímọ́ ni yóò jókòó, yóò máa retí rẹ̀. Ẹni tó ní ọ̀tá ni yóò máa wá ọ̀tá kiri. Àwọn àgbà ní kí sobìà tó degbò, olúgànbe là á ké sí. A ò bú àgbà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni ewé olúgànbe ń tọ́jú. Kò dé ìdí ọ̀rọ̀.

Inú omi ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Nínú omi adágún àti kànga tí a kò bò, àwọn kòkòrò tíntìntín kan wà tí ojú kì í fẹ́ rí. Ọmọ sobìà lè wà nínú wọn. Ẹni tó bá mu irú omi bẹ́ẹ̀ ti gbé sobìà mì. Ó tó nǹkan bí ọdún kan kí ó tó yọ lẹ́sẹ̀, nítorí náà ni kò fi sí ẹni tó fura sí omi. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá sì ń ta á, á tì í bọ inú omi kí ó lè tutù. Ibẹ̀ ni sobìà ti ń tú ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, tí gbogbo abúlé á tún bù ú mu.

Ẹ wá wo àtúnṣe. Títí di òní, kò sí oògùn tó ń pa sobìà nínú ara, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Aṣọ ni wọ́n ní kí a fi máa sẹ́ omi, aṣọ tí ojú rẹ̀ há, tí kòkòrò inú omi kò lè gbà kọjá. Wọ́n ní kí ẹni tí sobìà ń yọ lára rẹ̀ má wọ inú omi tí a ń mu. Wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n bò ó. Wọ́n da oògùn sí adágún. Gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ omi ni. Ọdún 2004 ni wọ́n rí ẹni tí sobìà mú kẹ́yìn nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i ní 2009 pé ó ti tán níbẹ̀. Wọ́n jẹ́rìí ti Tógò ní 2011, wọ́n sì jẹ́rìí ti Nàìjíríà ní 2013.

Ẹ wá mú ìwé pélébé tí àwọn olóògùn ń pín lọ́jà. Ẹ̀yìn ríro, ibà, ojú dídùn, àìrọ́mọbí: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á tò síbẹ̀, ẹ ó sì rí tiyín níbẹ̀. Lójú kan náà, wọ́n á fò sórí ìgò kan, wọ́n á dá iye lé e. Ohun tó fa ojú dídùn kọ́ ló fa àìrọ́mọbí. Báwo ni ìgò kan ṣoṣo ṣe mọ ìdí gbogbo wọn? Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “nítorí” tàbí “ohun tó fà á” sí, kí ẹ fi kálámù fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ má tíì tú owó létí aṣọ. Bí ẹ bá sì rí i, ẹ bi nọ́ọ̀sì léèrè bóyá òótọ́ ni, nítorí ẹlòmíràn lè kọ ìdí tó jẹ́ irọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí ẹ bá ń kọ ìwé. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí abúlé ń kọ sí àwọn aláṣẹ, ẹkún lásán ni: “Òùngbẹ ń pa wá, ẹ gbà wá o.” Aláṣẹ á kà á, àánú á ṣe é, kò sì ní mọ ohun tí yóò ṣe. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Ó di oṣù mẹ́ta tí pọ́ǹpù wa kò fa omi mọ́, nítorí pé ọ̀pá inú rẹ̀ já. Owó tí a dá kò tó ra òmíràn. A fẹ́ kí ẹ bá wa fi ìyókù kún un, kí ẹ sì rán ẹni tí yóò tún un ṣe sí wa.” Ẹ kọ iye owó tó wà nílẹ̀ sí i, àti orúkọ abúlé, àti ọjọ́.