Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọ Ewé Lórúkọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni ó ń yí lọ́kàn mi lọ́jọ́ tí èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí ó wà ní ọdún kejì ìpele àgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì, wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Nígbà tí ilé tán tí oko sì bẹ̀rẹ̀, mo bi í léèrè pé, "Kí ni o ń rí lójú fèrèsé yẹn?" Ó wò ó títí, ó ní, "Igbó ni, sà."

Igbó! Gbogbo igi, ìtàkùn àti ewéko tí ó wà lọ́nà Ẹ̀gbá ni ó kó sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. N kò bá a wí, nítorí èmi náà ti jìyà irú àìmọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọdún 2009, bàbá mi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn. Ẹnì kan ta àgbo fún un nínú ọkọ̀ èrò, ó ní kò sí àrùn tí kò lè wò. Bàbá ń mu méjèèjì pọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó dìde lórí ibùsùn, òòyì kọ́ ọ, ó sì ṣubú lulẹ̀. Nígbà tí a fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Dókítà ní, "Ewé wo ni ó wà nínú àgbo náà?" A ń wo ara wa lójú. Ìgò wà lọ́wọ́ wa, orúkọ ni kò sí. Ọlọ́run ló yọ wá, bàbá yè é, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Ní Abẹ́òkúta, a yà sí ìsọ̀ ìyá àgbàlagbà kan tí ó ń ta ewé àti egbò, irú àwọn tí a ń pè ní eléwé ọmọ. Mo sọ ọ̀rọ̀ bàbá mi fún un. Ó fa egbò kan yọ, ó ní, "Asofẹ́yẹjẹ nìyí, ọmọ mi. N kò sọ pé òun ni bàbá yín mu, ṣùgbọ́n ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn. Ẹyẹ ló ń jẹ èso rẹ̀ láìbẹ̀rù, ènìyàn gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tún orúkọ náà pè, ó bú sẹ́rìn-ín: "A-so-fún-ẹyẹ-jẹ!" Odindi gbólóhùn ni àwọn baba wa ká pọ̀ tí wọ́n fi di ọ̀rọ̀ orúkọ kan. Ẹ̀yin olùkọ́ èdè Yorùbá, bí ẹ bá ń wá àpẹẹrẹ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìpajẹ, èwo ló tún kù?

Ewu tí ìyá náà kìlọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àròsọ. Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yọ èròjà kan tí wọ́n pè ní reserpine láti ara egbò igi tí ó jẹ́ ìbátan asofẹ́yẹjẹ ní Íńdíà. Asofẹ́yẹjẹ náà ní in. Ó máa ń mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì máa ń pẹ̀tù sí ọkàn tí ó dàrú. Kí ìwádìí yẹn tó dé ni àwọn oníṣègùn wa ti ń fi egbò rẹ̀ tọ́jú alárùn ọpọlọ.

Abẹ́òkúta yìí kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo (1923–2004) ti bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ ní Aro ní ọdún 1954. Ó ní kí àwọn alárùn ọpọlọ máa gbé pẹ̀lú ìbátan wọn nínú àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, láàárín àwọn àgbẹ̀, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú. Ó mọ̀ pé ibi tí ènìyàn wà àti àwọn tí ó yí i ká jẹ́ apá kan ìwòsàn.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ ewé. Irọ́ ni. Íńdíà ni dongoyárò ti wá. Èdè Haúsá ni orúkọ rẹ̀, tí ó túmọ̀ sí ọmọkùnrin gíga. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ewé tí a ń fún sójú ọgbẹ́ láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró ti wá. Nígbà tí ó gba oko wa, a fi orúkọ olóṣèlú pè é: àwọn kan ní ewé Akíntọ́lá, àwọn mìíràn ní Awólọ́wọ̀. Àjèjì ni àwọn ewé wọ̀nyí, a wo ilé, a sì sọ wọ́n lórúkọ. Àwa tí a bí sí ìdí ewé ni a kò wá mọ orúkọ rẹ̀ mọ́.

Èrò tèmi ni pé kí olùkọ́ Yorùbá mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ní táàmù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n mọ ewé mẹ́wàá tí ó wà nítòsí ilé-ẹ̀kọ́: orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ orúkọ náà, àti ohun tí àwọn àgbà ń sọ nípa rẹ̀. N kò ní kí wọ́n sè é mu o! Kí aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì sọ gbogbo ohun tí ó ti mu fún dókítà. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe sọ ohun tí kò mọ orúkọ rẹ̀?

Nígbà tí a ń padà sí Èkó, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ojú mọ́ fèrèsé. Kò pẹ́, ó nawọ́, ó ní, "Ẹ wò ó, sà, Akíntọ́lá nìyẹn!" Ewé kan péré ni ó mọ̀ nínú gbogbo igbó náà. Ó ku mẹ́sàn-án.