Oògùn Àtijọ́, Iṣẹ́ Tuntun

Àwọn kan gbà pé oògùn tuntun nìkan ni ó lè gbà wá lọ́wọ́ kòkòrò àrùn tí ń bá oúnjẹ àti omi wọ inú ara. Èmi kò fara mọ́ èyí rárá. Ní ọdún 2016, ibà táífọ́ọ̀dù bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Sindh ní ilẹ̀ Pakistan. Oríṣi oògùn márùn-ún ni kò lè pa kòkòrò rẹ̀ mọ́. Bí a bá ní kí á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá oògùn mìíràn, ó lè gbà ju ọdún mẹ́wàá lọ. Aláìsàn wo ni yóò dúró dè é?

Ẹ wo auranofin, oògùn tí ó ní wúrà nínú, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1985 fún làkúrègbé. Àyẹ̀wò ti fi hàn pé ó ń pa Staphylococcus aureus, kòkòrò kan tí ń sọ oúnjẹ di májèlé. Lóòótọ́, agbára rẹ̀ kò ká Salmonella tí ń fa táífọ́ọ̀dù tó bẹ́ẹ̀, nítorí awọ òde kòkòrò náà kì í jẹ́ kí ó ráyè wọlé. Síbẹ̀, a ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ tí ara ènìyàn lè gbà. Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ti kúrò nílẹ̀ nìyẹn.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni máa dán oògùn wò nílé o! Tẹtirasáíkílìn tí a ń gbé mì nítorí inú rírun wà lára ohun tí ó sọ kòkòrò di alágídí. Iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò ni èyí. Ṣùgbọ́n èrè kò pọ̀ lórí oògùn àtijọ́, àwọn ilé iṣẹ́ kì í sì fẹ́ náwó sí i. Ìjọba ni ó yẹ kí ó gbé owó náà kalẹ̀ fún àwọn yunifásítì wa.