Fírísà Tí Kò Dì Mọ́: Ṣé Kí A Tún Un Ṣe Ni, Tàbí Kí A Ra Òmíràn?

 Ọ̀rọ̀ fírísà ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó ni. Ẹni tí ó ń ta páńlá àti Titus, ẹni tí ó ń ta mínírà àti omi inú ọ̀rá fún àwọn èrò ọkọ̀ tí ó ń ti Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà, gbogbo owó òwò rẹ̀ ni ó wà nínú àpótí funfun náà. Bí ó bá dákẹ́ lóru, ẹja páálí mẹ́ta lè bàjẹ́. Nígbà náà ni wọn yóò sáré pe oníṣẹ́ fíríìjì, òun yóò fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò sì wí pé, "Màmá, gáàsì ló tán."

Gbólóhùn yẹn gan-an ni mo bá wá jà. Gáàsì fírísà kì í tán, nítorí kì í ṣe epo tí ọkọ̀ ń jó. Ẹ rántí àmù àwọn ìyá wa àgbà. Omi inú rẹ̀ a máa tutù lọ́sàn-án gangan, nítorí pé omi díẹ̀díẹ̀ ń la ara ìkòkò náà jáde, bí ó sì ti ń gbẹ, ó ń bá ooru lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni fíríìjì rí. Kì í dá òtútù sílẹ̀, ooru ni ó ń kó jáde. Gáàsì inú àwọn ọ̀pá tín-ín-rín inú rẹ̀ ń gbẹ bí omi ara àmù, ó sì ń gba ooru ara ẹja. Kọ̀ńpúrésọ̀, èyíinì ni irin dúdú tí ó rí bí ìkòkò nísàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, a wá fún un pọ̀, a tì í sí ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni yóò ti da ooru náà nù, tí yóò di olómi, tí yóò sì tún wọlé lọ gbé ẹrù mìíràn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ̀yìn fíríìjì fi ń gbóná. Àwọn ènìyàn wa kan ní ìlú òyìnbó ń lo irú ẹ̀rọ yìí ní ìdàkejì: ooru inú afẹ́fẹ́ ìta ni ó ń kó wọlé fún wọn nígbà òtútù.

Gáàsì kan náà ni ó ń yípo láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ náà. Bí ó bá dín, ó jò ni. Ẹni tí ó bá rọ òmíràn sí i láì wá ojú ibi tí ó ti ń jò, agbọ̀n ni ó ń fi pọn omi. Ìyá kan ní Ìnísà sanwó gáàsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù márùn-ún, kò sì sí ẹni tí ó fi ọṣẹ híhó kan ojú ìsopọ̀ irin kan ṣoṣo. Ọṣẹ híhó náà kò gba ìwé mẹ́wàá: níbi tí ó bá ti ń yọ ìfófòó, ibẹ̀ ni ó ti ń jò.

Ṣùgbọ́n kí a tó dá gáàsì lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ wo iná. Iná wa, tí a ṣì ń pè ní NEPA bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti 2005, kì í sábà pé. Fóòtì 220 sí 240 ni ọ̀pọ̀ fírísà ń fẹ́. Bí ó bá wálẹ̀ dé 150, kọ̀ńpúrésọ̀ lè gbìyànjú kí ó dìde, yóò kùn díẹ̀, yóò dún "kẹ́", yóò sì dákẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ tètè yọ ọ́ lára iná, kí ó má baà jó. Bí iná bá pé tí ó ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ ohun kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ń ta á jí ni ó bàjẹ́, ìyẹn kò sì wọ́n.

Èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láì sinmi ńkọ́? Ẹ fi owó bébà kan há ẹnu ìlẹ̀kùn rẹ̀, ẹ pa á dé, kí ẹ sì fà á. Bí ó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, rọ́bà ẹnu rẹ̀ ti rọ, ooru sì ń wọlé. Ẹ gbá eruku ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ sún un kúrò lára ògiri. Ní April 2024, owó iná àwọn tí ó wà ní Band A lọ sókè dé ₦225 fún yúníìtì kan; ẹ̀rọ tí kò sinmi ń jẹ owó èrè yín. Bí yìnyín bá dì ní igun kan ṣoṣo tí ìyókù gbẹ, ìgbà náà ni kí ẹ fura sí gáàsì.

Ọ̀bẹ ni ó ń dun èmi jù. Ẹ ó rí ìyálọ́jà tí ó ń fi ọ̀bẹ ya ẹja tí ó lẹ̀ mọ́ ara fírísà, pàápàá nígbà tí oníbàárà bá ń kánjú. Ọ̀bẹ náà lu irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ibẹ̀, gáàsì sì sú fìì jáde. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ dà sí i. Nínú ọ̀pọ̀ fírísà onídùbúlẹ̀, inú ara ògiri rẹ̀ ni wọ́n sin ọ̀pá náà sí, ọwọ́ kò sì lè dé ibẹ̀ láì fọ́ gbogbo rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ inú ibẹ̀ ni ó ti ń jò, ẹ má ṣe náwó lé e lórí mọ́. Bákan náà ni èyí tí ó ń gbé ènìyàn níná: ẹ yọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́ títí oníṣẹ́ yóò fi dé. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ńpúrésọ̀ ni ó ti jó, ẹ béèrè iye tuntun kí ẹ tó dáhùn. Ní tèmi, bí owó àtúnṣe bá ti ń súnmọ́ ìdajì owó fírísà tuntun, tí ẹ̀rọ náà sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá, kí a ra òmíràn.

Ọ̀nà mìíràn tún wà láti mọ̀. Fírísà tí ó kún fún ohun tí ó dì gbagidi, tí a kò ṣí, yẹ kí ó mú òtútù dúró tó wákàtí 48 láìsí iná. Èyí tí ó kún dé ìdajì, wákàtí 24. Bí tiyín bá kún tí ẹja sì ti ń yọ omi lẹ́yìn òru kan péré, ẹ wo rọ́bà ẹnu rẹ̀. Bí rọ́bà bá dára, fóòmù inú ara rẹ̀ ni ó ti mu omi, kò sì sí oníṣẹ́ tí yóò tún ìyẹn ṣe.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Òfin aṣọ́bodè ilẹ̀ wa kò gba kí a kó fíríìjì àti kọ̀ńpúrésọ̀ àlòkù wọlé, síbẹ̀ wọ́n ń wọlé. Ẹ ka pátákó kékeré ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ R12, ẹ fi í sílẹ̀: ó wà lára àwọn gáàsì tí ń ba ibòrí ayé jẹ́, tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní Montreal ní 1987 pé àwọn yóò dẹ́kun lílò wọn, tí Nàìjíríà náà sì tọwọ́ bọ̀ ní 1988. Bí ó bá jẹ́ R600a, ó ń gbiná bí gáàsì ìdáná. Kí oníṣẹ́ má ṣe gbé iná tí a fi ń jó irin súnmọ́ ọn kí ó tó tú u dànù síta gbangba, kí ó má sì rọ R134a sí i ní ìdípò. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tan án lójú yín fún odindi wákàtí kan, kí ẹ sì fọwọ́ kan inú àti ẹ̀yìn rẹ̀ fúnra yín.