Iná Kì í Sọ Ohunkóhun Di Òfo

Ìwé-pẹlẹbẹ sí gbogbo ẹni tí ó gbà pé ohun tí ó bá jóná ti parun

Ẹ̀yin ará ilé àti ará oko, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń koná sí àdògán àti ẹ̀yin baálé tí ẹ ń sun pàǹtírí ní ẹ̀yìnkùlé, ìgbàgbọ́ kan wà tí a bá nílé, tí àwọn baba wa ti dì mú kí a tó dé ayé, tí àwọn ọmọ wa sì ń gbà lẹ́nu wa lónìí láìsí ẹni tí ó yẹ ìdí rẹ̀ wò: pé ohun tí iná bá ti jó, ó ti parun, ó ti di òfo, kò sì sí níbikíbi mọ́ àfi eérú díẹ̀ tí ó kù sílẹ̀. Mo ní irọ́ ni. Mo ní iná, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, iná ajógbó-má-wẹ̀yìn, iná tí í sọ ààfin di ahoro láàárín òru kan ṣoṣo, kò tíì sọ ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kan di òfo láti ìgbà tí a ti dá ayé. Pípa ohun dà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìparun kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ àṣìṣe tí ó jókòó jẹ́jẹ́ ni, à bá fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ iléèwé láti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n àṣìṣe yìí a máa wọ yàrá lọ bá ènìyàn lójú oorun, a sì máa pa á. Ìdí nìyí tí mo fi mú kálàmù.

Ẹjọ́ alátakò

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn tí wọ́n di ìgbàgbọ́ yìí mú. Wọ́n ní: “A da àpò èédú kan sí iná, eérú tí a kó lẹ́yìn rẹ̀ kò kún igbá kan. A tan àbẹ́là sórí tábìlì, àbẹ́là tán, kò fi eérú sílẹ̀, kò fi egungun sílẹ̀. Bí kò bá parun, níbo ni ó wà? Ojú wa ni ó rí i pé ó tán.” Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, n kò sì ní fi ẹni tí ó sọ ọ́ ṣe ẹlẹ́yà. Bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ pé ilé tí ó jóná kò ṣòfò lọ́wọ́ onílé, tàbí pé ìwé tí ó jóná ṣe é kà mọ́. Ohun tí mo ń wí ni pé gbogbo èròjà tí a fi kọ́ ilé náà àti èyí tí a fi ṣe ìwé náà, láìku ẹyọ kan, wà láyé síbẹ̀; àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí wọ́n wà kò gbọdọ̀ fi ojú nìkan ṣe ẹlẹ́rìí, nítorí ojú kì í rí afẹ́fẹ́. Òṣùwọ̀n ni kí ó pè wá jẹ́rìí.

Bí òṣùwọ̀n ṣe dá ẹjọ́ náà

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa nìkan ni a ṣìnà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù pàápàá rìn ní ọ̀nà yìí pẹ́. Georg Ernst Stahl, oníṣègùn ará Jámánì tí ó kú ní 1734, kọ́ wọn pé ohun kan tí a ń pè ní phlogiston ń gbé inú gbogbo ohun tí ó lè jóná, àti pé bí ohun bá ń jó, phlogiston ni ó ń sá jáde kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà dùn létí, ó sì bá ohun tí ojú ń rí mu. Ṣùgbọ́n ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Àwọn tí ń yọ́ òjé àti tánńganran ti mọ̀ tipẹ́ pé bí a bá sun ún títí tí ó fi di lẹ́búlẹ́bú, lẹ́búlẹ́bú náà a máa wúwo ju ohun tí a gbé ka iná lọ. Bí iná bá ń pa ohun run, báwo ni àjẹkù iná ṣe ń wúwo ju oúnjẹ iná lọ?

Jean Rey, oníṣègùn ará Faransé, ti dáhùn ìbéèrè yìí ní 1630 pé afẹ́fẹ́ ni ó wọ ara tánńganran náà, ṣùgbọ́n òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ní 1673 Robert Boyle ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé nípa bí òun ṣe há tánńganran mọ́ inú ìgò tí òun sì sun ún. Ṣùgbọ́n ó ṣí ìgò náà kí ó tó wọ̀n ọ́n, afẹ́fẹ́ ya wọlé láì jẹ́ pé ó kà á sí, ó sì parí èrò rẹ̀ pé iná fúnra rẹ̀ ni ó la ara ìgò kọjá lọ fi kún ìwúwo tánńganran. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹni tí òtítọ́ rán níṣẹ́ ni Antoine Lavoisier ti ìlú Páríìsì. Ní 1772 ó jó imí-ọjọ́ àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ó rí i pé ìwúwo wọn pọ̀ sí i. Ní 1774 ó tún iṣẹ́ Boyle ṣe, ṣùgbọ́n dídí ni ó wọn ìgò tirẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì yí padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kan tánńganran inú rẹ̀ ti di lẹ́búlẹ́bú. Ìgbà tí ó ṣí i ni afẹ́fẹ́ ya wọ inú rẹ̀, ìwúwo tí afẹ́fẹ́ yìí mú wá sì dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo tí tánńganran náà fi lé.

Kò dúró níbẹ̀. Ó se mẹ́kúrì lórí iná fún ọjọ́ 12 pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí ó há mọ́ ọn, ó kó lẹ́búlẹ́bú pupa tí ó yọ lórí rẹ̀ jọ, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gréènì 45. Ó wá gbé lẹ́búlẹ́bú yìí nìkan ka iná tí ó gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ: mẹ́kúrì gréènì 41½ padà jáde, ìyókù, tí í ṣe gréènì 3½, sì jáde bí afẹ́fẹ́ kan tí àbẹ́là ń tàn nínú rẹ̀ rokoṣo. Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ni Joseph Priestley ti rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1774. Lavoisier ni ó sọ ọ́ ní ọ́síjìn. Nínú ìwé ńlá tí ó tẹ̀ jáde ní 1789 ni ó ti fi òfin náà lélẹ̀ pé nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn àti ti ìṣẹ̀dá, ìwọ̀n ohun tí ó wà ṣáájú ni ìwọ̀n ohun tí ó wà lẹ́yìn. Wọ́n bẹ́ orí Lavoisier ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún 1794, nígbà ìdìtẹ̀ ilẹ̀ Faransé. Òfin rẹ̀ kò kú pẹ̀lú rẹ̀.

Ìṣirò náà

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ibi tí èédú wà, ìdáhùn yín rè é. Èédú tí ó mọ́ gaara, kábọ́nì ni. Bí kábọ́nì gíráàmù 12 bá jó tán, ọ́síjìn gíráàmù 32 ni ó ti gbà láti inú afẹ́fẹ́, ohun tí wọ́n sì jọ dà ni gíráàmù 44 kábọ́nì dayọ́síìdì, tí kò láwọ̀, tí ó ń fẹ́ lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ jáde lójú fèrèsé. Èédú kò dín. Ó lé sí i. Eérú tí ẹ rí nínú igbá kì í ṣe ìyókù èédú náà, bí kò ṣe àwọn ohun inú ilẹ̀ tí igi ti fi gbòǹgbò mu, tí iná kò rí tiwọn ṣe. Àbẹ́là náà rí bẹ́ẹ̀: ẹ gbé ìdérí tútù sókè iná rẹ̀, ẹ ó rí ìrì omi tí yóò sẹ̀ lára rẹ̀, bí ẹ bá sì to sódà tí àwọn tí ń ṣe ọṣẹ ń lò sí ojú ọ̀nà tí èéfín rẹ̀ ń gbà, kí sódà náà lè fa omi àti kábọ́nì dayọ́síìdì rẹ̀ mọ́ra, tí ẹ gbé àbẹ́là àti sódà ka orí òṣùwọ̀n kan náà, bí àbẹ́là bá ṣe ń kúrú ni òṣùwọ̀n yóò máa tẹ̀ sílẹ̀.

Bẹntiróòlù inú ọkọ̀ kò yàtọ̀. Ọ̀kan nínú èròjà rẹ̀ ni ọ́kítéènì. Gíráàmù 114 rẹ̀ a máa gba ọ́síjìn gíráàmù 400, a sì máa di kábọ́nì dayọ́síìdì gíráàmù 352 àti omi gíráàmù 162. Ẹ ro ohun tí ó wọlé pọ̀, 514. Ẹ ro ohun tí ó jáde pọ̀, 514. Ìdí nìyí tí lítà bẹntiróòlù kan, tí kò wọn tó kìlógíráàmù kan, fi ń tú kábọ́nì dayọ́síìdì tí ó ju kìlógíráàmù 2 lọ sí ojú ọ̀run.

Òfin yìí kò sì mọ lórí ìjóná nìkan. Irú ìyípadà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì ń kọ́kọ́ bá pàdé kò pọ̀, gbogbo wọn ni ó sì wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ń dàpọ̀: irin gíráàmù 56 àti imí-ọjọ́ gíráàmù 32 di ohun kan ṣoṣo tí ó wọn gíráàmù 88. Àwọn kan ń túká: òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì, bí a bá sun kìlógíráàmù 100 rẹ̀ nínú iná ńlá, kìlógíráàmù 56 ni yóò kù, aláìmọ̀kan yóò sì ní iná ti jẹ ìyókù, rárá o, kìlógíráàmù 44 ti gba ojú èéfín lọ ni. Òmíràn ń lé ẹnìkejì kúrò ní ipò, bí sínkì ti ń lé bàbà jáde kúrò nínú omi aláwọ̀ búlúù tí bàbà yọ́ sí. Òmíràn ń ṣe pàṣípààrọ̀, bí omi méjì tí a dà pọ̀ tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun sì sọ̀ sílẹ̀ nínú wọn. Àwọn átọ́ọ̀mù kan náà tí ó wọlé ni ó ń jáde. Ẹni tí wọ́n dì mọ́ nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Ìṣirò yìí ni Jeremias Richter, ará Jámánì, sọ ní stoichiometry ní 1792, òun sì ni gbogbo ilé iṣẹ́ ọṣẹ, ajílẹ̀ àti oògùn fi ń mọ iye tí wọn yóò rà àti iye tí wọn yóò rí.

Ibi tí irọ́ yìí ń ṣe wá

Ẹni tí ó bá gbà pé èédú ń parun nínú iná kò ní bèèrè ohun tí ó dà, ibẹ̀ sì ni ikú ti ń bá a. Ìṣirò tí mo ṣe lókè, ọ́síjìn tí ó tó ni mo fi ṣe é. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ìkòkò èédú wọ yàrá tí a ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀, ọ́síjìn kì í tó mọ́. Kábọ́nì gíráàmù 12 tí ì bá rí gíráàmù 32 lè rí gíráàmù 16 péré, ohun tí ó sì dà ni gíráàmù 28 kábọ́nì mọnọ́síìdì. Èyí kò láwọ̀, kò lóòórùn, kì í ta ojú, kì í mú ni wúkọ́. Ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí ń gbé ọ́síjìn kiri ara ni ó ń lọ dì mọ́, ó sì ń dì mọ́ ọn ju bí ọ́síjìn ti ń dì mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po tí ó ju 200. Orí fífọ́ ni ènìyàn yóò kọ́kọ́ mọ̀, òòyì yóò tẹ̀ lé e, oorun yóò gbé e lọ, ilẹ̀ kò sì ní mọ́ bá a. Bákan náà ni jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí ibi ìdáná. Wọn a ní “kò sí èéfín níbẹ̀,” bí ẹni pé ohun tí ojú kò rí kò sí. Ohun tí ó pa wọ́n ní ìwọ̀n, ó ní orúkọ, a sì lè fi kálàmù ṣírò rẹ̀ kí a tó ṣáná sí i.

Pàǹtírí tí à ń sun ńkọ́? Ike tí a fi ṣe páìpù omi ní kílórínì nínú. Bí a bá sun ún, kílórínì yìí a di èéfín kíkan tí ń jẹ ọ̀nà ọ̀fun. Òjé inú bátìrì ògbólógbòó kì í jóná di òfo. Inú eérú àti inú èéfín ni ó ń lọ, àti láti ibẹ̀ sínú ilẹ̀ tí a gbin ẹ̀fọ́ sí. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé.

Àwọn ìyá wa tí ń ṣe ọṣẹ dúdú kò bá wa ṣe àṣìṣe yìí. Wọ́n sun pádi kòkó, wọn kò da eérú rẹ̀ nù. Wọ́n sẹ́ omi rẹ̀, wọ́n sè é pẹ̀lú àdín, ó di ọṣẹ, nítorí pọtásíọ̀mù tí igi kòkó fi gbòǹgbò mu láti inú ilẹ̀ wà nínú eérú náà láìjóná. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú: ọ̀rọ̀ ẹni tí ó mọ̀ pé iná a máa fi ohun sílẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn sí àwọn tí yóò bá mi jiyàn

Ẹnìkan tí ó kàwé lè dìde pé Einstein ti fi hàn ní 1905 pé ooru tí ó jáde kúrò lára ohun a máa mú ìwọ̀n rẹ̀ dín. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dín nínú èédú gíráàmù 12 tí ó jó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí òṣùwọ̀n ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti ọjà tí yóò mọ̀ ọ́n, kò sì lè gba ẹjọ́ àpò èédú tàbí ti àbẹ́là wa rò.

Nítorí náà mo bẹ̀ yín. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kan há òfin Lavoisier sórí kí ó tó fojú ara rẹ̀ rí irun irin tí a fi ń fọ ìkòkò tí ó wúwo sí i lórí òṣùwọ̀n lẹ́yìn tí ó jó. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ gbé ìkòkò èédú síta kí ẹ tó sùn, ìbáà ṣe pé òtútù ń mú. Ẹ̀yin onílé, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì fẹ́ ṣáná sí ohunkóhun, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé: kí ni èyí yóò dà, ta ni yóò sì mí i sínú?