Fídíò AI kì í ṣe ọjà ọ̀pọ̀ bí wọ́n ṣe ń polówó rẹ̀

Oníṣòwò tó ń ta aṣọ tàbí ìpara kò nílò oníkámẹ́rà mọ́! Ariwo tó gbòde nìyẹn látìgbà tí Google ti gbé Veo 3, ẹ̀rọ tó ń ṣe fídíò, jáde lóṣù karùn-ún ọdún 2025. Kéèyàn ṣáà ti kọ ohun tó fẹ́ sí i, fídíò á jáde tohùn-tohùn. Òótọ́ ni o, àmọ́ ìṣirò owó rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kì í fara balẹ̀ ṣe.

Lóṣù kẹsàn-án ọdún náà, Google dín owó ìṣẹ́jú àáyá kan kù láti sẹ́ǹtì 75 sí 40. Fídíò ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ di dọ́là 3.20 nìyẹn. Ìpolówó ìdajì ìṣẹ́jú yóò gba irú rẹ̀ mẹ́rin, ìyẹn dọ́là 12.80. Ta ló máa sọ pé ìyẹn wọ́n? Ibi tí wàhálà wà ni pé ó ṣọ̀wọ́n kí àkọ́kọ́ dáa. Lẹ́tà ara páálí lè dàrú, ìgò lè yí padà lọ́wọ́ ẹni tó mú un, àdìrẹ tó jẹ́ aláró níbẹ̀rẹ̀ lè di nǹkan mìíràn kí fídíò tó parí. Èyí tó bàjẹ́ náà, owó ni. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìgbìyànjú márùn-ún, dọ́là 12.80 ti di 64, ẹni tó sì ń pa náírà ni yóò wá dọ́là yẹn.

Àwọn tó ni irú ẹ̀rọ yìí gan-an ń pariwo. Lóṣù kẹwàá ọdún 2025, Bill Peebles, ọ̀gá àwọn tó ṣe Sora ní OpenAI, sọ ní gbangba pé ìnáwó iṣẹ́ náà kò ṣeé gbé. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta fídíò mẹ́wàá ní dọ́là mẹ́rin fẹ́ni tó bá ti lo tọ̀fẹ́ ọjọ́ náà tán. Ìdí rẹ̀ ni pé fídíò yìí dà bíi jẹnẹrétọ̀: gbogbo ìgbà téèyàn bá tàn án ló ń jó epo. Ẹni tó bá wá fi tọ̀fẹ́ òní dá iye lé ọjà rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń ṣe é.

Kí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ojú ọjọ́, òpópónà àti ijó, kò burú. Ọjà gan-an ni kí wọ́n fi fóònù yà bó ṣe rí. Oníbàárà tó bá rí báàgì tó ń dán nínú fídíò, tí wọ́n wá fi èyí tó ṣì ránṣẹ́ sí i, yóò dá a padà, owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ kò sì sí nínú dọ́là 64 yẹn.