5000 Nìkan Kò Tó

Bí o bá wọ Computer Village ní Ìkẹjà, nọ́ńbà báátìrì ni wọ́n á kọ́kọ́ kà sí ọ létí: "5000 mAh ni, bọ̀dá, ọjọ́ méjì ló máa lò." Nọ́ńbà yẹn lè má jẹ́ irọ́. Síbẹ̀ kò tó fi ra fóònù, ó sì yẹ kí òfin mú wọn sọ ìyókù.

Bí báátìrì tuntun ṣe lè gba iná tó ni mAh ń sọ. Kò sọ bí fóònù ṣe máa jẹ iná náà. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dúró, fóònù á máa fi agbára kún agbára kó tó bá òpó sọ̀rọ̀, 5000 á sì tán kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ti páwà báǹkì tilẹ̀ le jù. Wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ 10,000 síwájú rẹ̀, o wá rò pé á kún fóònù oní-5000 lẹ́ẹ̀mejì. Kò lè ṣe é. Fólítì 3.7 tó wà nínú báátìrì ni wọ́n fi ka 10,000 yẹn. Fólítì 5 ni iná ń bá jáde lẹ́nu wáyà, ooru á sì jẹ tirẹ̀ lójú ọ̀nà. Yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà: lára àwọn mìíràn, wàá rí lẹ́tà tíntìntín tó ní ohun tó ń jáde gan-an kò ju bíi 6,000 lọ. Kí ló dé tí ìyẹn kò sí níwájú?

Ọjọ́ orí báátìrì wá ńkọ́? Láti 20 Okúdù 2025, òfin ilẹ̀ Yúróòpù ní báátìrì fóònù tuntun gbọ́dọ̀ ṣì lè gba ìdá 80 nínú 100 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lò ó tán, tí wọ́n sì chájì rẹ̀ kún nígbà 800. Iye ìgbà náà àti wákàtí tí fóònù lè lò lórí chájì kan gbọ́dọ̀ hàn lára lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀.

Àwọn kan á ní àwa la ń fi oòrùn ba báátìrì jẹ́. Òótọ́ ni, ooru kì í jẹ́ kí báátìrì lithium inú fóònù pẹ́. Ẹni tó bá gbé fóònù sórí dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́sàn-án gangan, kó má bínú sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ooru ilẹ̀ wa gan-an ló fi yẹ ká mọ èyí tó lè fara dà á ká tó sanwó. Kí SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ láti ara páwà báǹkì: ohun tó ń jáde ni kí wọ́n kọ gàdàgbà.